Òjò Ti Dé: Ẹ Fojú Wò, Ẹ Má Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá, òjò ti dé, ilẹ̀ Adó-Èkìtì ti tutù. Igi panṣẹ́kẹ́ ti yọ òdòdó pupa fòò, àwọn ẹ̀gà ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ, èsúnsún sì ń rọ́ lọ sídìí iná lálẹ́. Ẹ pe àwọn ọmọ yín kí wọ́n wá wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn náà ń bá òjò jáde.

Olú ló kọ́kọ́ ń bà mí lẹ́rù. Ògógó tí àwọn ìyá wa ń ṣa nídìí ọ̀gán dùn ju ẹran lọ, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Tiẹ̀ máa ń ní ìdí gígùn tó wọlẹ̀ lọ bá ilé ikán. Àmọ́ olú funfun ńlá kan wà tó ń hù lórí koríko inú ọgbà ilé àti pápá ilé-ìwé, tí orí rẹ̀ ní èépá aláwọ̀ ilẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe bí àwọ̀ ewé tó bá gbó. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kò ní pẹ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀: ó lè tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó jẹ wọ́n, ẹ̀dọ̀ sì ni wọ́n ń bà jẹ́. Iná kì í pa oró yẹn. Wọ́n a ní èyí tí ìgbín bá ti jẹ kò léwu. Ta ló sọ fún wọn pé inú ìgbín àti inú èèyàn dọ́gba? Olú tí ẹ kò bá dá mọ̀ dájú, ẹ fi í sílẹ̀.

Gẹ́gẹ́mú náà ń bẹ lórí ààtàn, òdòdó rẹ̀ là gbàgà bí ẹnu fèrè, èso rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń rẹ ẹ́ mutí. Ọ̀rọ̀ wérewère ló ń mú jáde lẹ́nu, ó ń mú àyà lù kìkì, ó sì ń pani.

Ní ti ejò, ibi tí eku àti ọ̀pọ̀lọ́ bá wà ló ń lọ. Ẹ ro ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ kó ìdọ̀tí kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń jáde lálẹ́, ẹ wọ bàtà òjò lọ sóko. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ẹsẹ̀ èèyàn; abẹ́ ewé gbígbẹ ló ń ká jọ sí. Bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fẹnu fa oró. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, kí ó má mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àtọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka oró ejò mọ́ àwọn ìṣòro ìlera tí ayé ti pa tì jù.

Ẹ wádìí ilé-ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò láti òní lọ, kí ejò tó ṣán ẹnikẹ́ni.