Amí Kì Í Ṣe Kòkòrò

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège ní Akínmọ̀ọ́rìn, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: "Ó ti kó kòkòrò." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ní Fìdítì àti Ọ̀yọ́. Ohun tó ń ba fáìlì jẹ́, kòkòrò ni. Ohun tó ń da ìpolówó bo ojú ẹ̀rọ, kòkòrò ni. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ka gbogbo ohun tí à ń tẹ̀, kòkòrò náà ni à ń pè é. Ti ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a yọ sọ́tọ̀.

Amí ni. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ sí Kénáánì. Kòkòrò ń jẹ ohun tó bá bá níbẹ̀. Amí ní tirẹ̀, ẹnìkan ló rán an. Á wò, á gbọ́, á sì ròyìn. Iṣẹ́ tí Agent Tesla ń ṣe gan-an nìyí, amí orí kọ̀ǹpútà tó ti wà láti 2014. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Ó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ, ó ń kó pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi pamọ́ sórí Chrome, á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Lóṣù Karùn-ún 2022, INTERPOL kéde pé àwọn àti EFCC ti mú ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta lórí ọ̀ràn Agent Tesla yìí. Ẹni tó ń rán amí kò jìnnà sí wa.

Ẹ ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà, "amí", o: ohùn àárín, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Àmì tí a fi ń dá nǹkan mọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Bí ẹ bá kọ "mo ri ami lori komputa mi" ránṣẹ́ sí ọmọ yín lórí WhatsApp láìfi àmì ohùn sí i, kò lè mọ̀ bóyá ewu ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ pe olè.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń dá kọ̀ǹpútà padà fún olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. "Màmá, mo ti pa kòkòrò inú ẹ̀ fún yín." Màmá súre fún un, wọ́n sanwó, wọ́n gbé e lọ sílé. Kò sí ẹni tó dárúkọ pásíwọ́ọ̀dù báǹkì. Ká ní ohun tó sọ ni pé, "Màmá, amí ni mo bá níbẹ̀ o," ó dá mi lójú pé wọn ì bá bi í pé: "Ta ló rán an? Kí ló ti rí?"

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò náà ń fẹ́ àtúnṣe. Mo ń gbọ́ "mo ti parẹ́ ẹ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Parẹ́ kì í gba àbọ̀: amí náà parẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ ó la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ẹ ó sì fi àbọ̀ sáàárín: mo pa amí náà rẹ́, mo pa á rẹ́. Síbẹ̀, fún irú èyí, "fà tu" ló wù mí jù: mo fà á tu. Bí àfòmọ́ orí igi ọsàn ni amí rí. Bí ẹ bá ré ewé rẹ̀ lásán, yóò tún rú, nítorí ó ti wọ inú ẹ̀ka lọ. Amí alágídí a máa kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó máa ń bá Windows jí. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ méjì tó ń ṣọ́ ara wọn: ẹ pa ọ̀kan rẹ́, èkejì á dá a padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ, kí amí má baà ráyè ròyìn mọ́. Ẹ tan ẹ̀rọ sí Safe Mode, níbi tí ìwọ̀nba ohun tí Windows kò lè ṣe aláìní nìkan ti ń jí, kí ẹ sì yọ áàpù tí ẹ kò bá mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender Offline yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Windows tó jí ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Orí fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn tí ara rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, ti ímeèlì ṣáájú, ti báǹkì tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì ń padà wá, ó di kí a fọ́máàtì ẹ̀rọ náà. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín jáde kí iṣẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó áàpù kankan mọ́ ọn, pàápàá àwọn ayédèrú tí ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí amí lè bá irú wọn wọlé.