Rírí Inú Ọsàn Láìfi Ọ̀bẹ Kàn Án



Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń ta èso ní ọjà Ìkòsí dìde, wọ́n ní: "Akọ̀wé wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé àwọn òyìnbó ò tíì ṣe ẹ̀rọ tó lè rí inú ọsàn kéèyàn tó sanwó ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè náà. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ra ọsàn láti Bẹ́núé. Ara ọsàn ń dán, kò sí àpá kan. Ìgbà tí àwọn oníbàárà gé e ni wọ́n rí i pé inú ti gbẹ bí òwú, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. A ní láti pe àwọn onígbọ̀wọ́ méjèèjì.

Ẹ̀rọ náà wà o. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn aláìsàn ni. Ní 1946 ni Felix Bloch àti Edward Purcell, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1973, Paul Lauterbur fi hàn pé a lè fi ya àwòrán.

Omi ni nǹkan bí 87 nínú 100 ìwọ̀n ọsàn. Háídírójìn wà nínú omi, àárín háídírójìn kọ̀ọ̀kan sì dà bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé ọsàn sínú òòfà ńlá, iye àwọn kékeré tó kọjú síbi tí òòfà ńlá kọjú sí a fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó kẹ̀yìn sí i lọ. Ẹ̀rọ a fi ìgbì rédíò gbá wọn, wọ́n a yí kúrò. Bí ìgbì bá dákẹ́, wọ́n a máa padà sí ipò wọn, wọ́n a sì máa fọhùn. Ẹ̀yin tó ń ta bàrà olómi, tẹ́ ẹ máa ń fi ìka gbá a kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó jọ tiyín. Ibi tó gbẹ tàbí tó ṣófo kì í fọhùn tó ibi tómi wà. Ibi tó ń jẹrà ń padà sípò ní ìwọ̀n àkókò mìíràn. Kọ̀ǹpútà ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ di àwòrán.

Ní Yunifásítì California ní Davis, àwọn onímọ̀ ti fi wo ọsàn tí òtútù yìnyín ba inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ti fi wá kóró nínú tanjarín.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Òòfà tó lágbára báyìí, hílíọ́mù olómi ló ń mú un tutù, ní ìwọ̀n Celsius 269 lábẹ́ òdo. Àwọn tó kéré wà, síbẹ̀ owó wọn pọ̀, àwòrán sì máa ń pẹ́ díẹ̀. Ta ló fẹ́ to ọsàn tírélà kan sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú iná mànàmáná tiwa yìí?

Ọ̀bẹ ló kù fún wa, àmọ́ a kì í lò ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ọsàn 10 nínú 100 bá gbẹ, tẹ́ ẹ wá gé 5 péré, nínú ìgbà 100 tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìgbà 59 ni ẹ kò ní bá ẹyọ kan tó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá gé 20, ó kù bí ìgbà 12. Ẹ má mú un lókè àpò nìkan. Gbogbo wa la mọ ohun tí alágbàtà ń tò sókè. Ẹ mú un ní ìsàlẹ̀, ní àárín, ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ tún gbé méjì tó tóbi bákan náà sọ́wọ́: èyí tó gbẹ fúyẹ́ ju ìkejì lọ.

Ìgbìmọ̀ ti fi ẹnu kò pé ẹni tó bá yáwó ra èso gbọ́dọ̀ bá olùtajà kọ ìwé kí wọ́n tó já ẹrù: ọsàn 20 ni a ó gé, ẹni tí yóò sì ru owó rẹ̀ yóò hàn nínú ìwé. Ní ti ìyá wa, a ti pín gbèsè wọn sí oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti san ti oṣù kìn-ín-ní. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì.