Ìtọ́jú Aláìní ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ṣé lóòótọ́ ni aláìní lè gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ètò ìlera ìjọba. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Òfin ọdún 2022 sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Àwọn kan ní owó náà kò tó. Òótọ́ ni, kò tó. Ṣùgbọ́n bí aláboyún bá dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí wọ́n dá a padà torí pé kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, àìlówó kọ́ nìyẹn. Kí ìjọba gbé ìforúkọsílẹ̀ náà lọ sí ọjà, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ṣe nọ́ńbà fún ẹni tí kò bá ní lójú ẹsẹ̀.