Arúgbó Ibodè àti Ẹṣin Rẹ̀
Ẹrù láti ilẹ̀ Ṣáínà kún ọjà Àlàbà ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń pa òwe yìí: “Arúgbó ibodè sọ ẹṣin nù.” Ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé Huainanzi, tí ó ti ju 2,100 ọdún lọ.

Nígbà tí ẹṣin náà sọnù, bàbá wí pé, “Ta ni ó mọ̀ bóyá ire ni?” Ẹṣin sì mú àwọn ẹṣin rere bọ̀. Ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ kán. Ogun dé, nínú ọkùnrin 10, 9 kú, ọmọ arọ náà yè.

Àwọn baba wa náà ní, “Tibi tire ni a dá ilé ayé.” Bí ọmọ kan bá kùnà lónìí, kí àwa olùkọ́ ọ̀la má ṣe yára pè é ní òfò, ìtàn rẹ̀ kò tí ì parí.