Ọmọ Tí Kì Í Jẹ́ Ìpè: Ìkìlọ̀ fún Ọmọ Alákétu

Ẹ̀yin ọmọ Alákétu, ta ló mọ ìyá á yìn bíi tiwa? Bí ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá délẹ̀, Kétu ni wọ́n ń nawọ́ sí, UNESCO pàápàá sì ti kéde rẹ̀ ní ogún aráyé lọ́dún 2001. Ọkùnrin gidi á wé gèlè, á gbé ère igi rù, á máa jó kó lè tu àwọn ìyá nínú. Ilẹ̀ á mọ́, obìnrin kan á mú ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀ kọjá lọ́jà, àwọn tó ń ṣàtẹ́wọ́ lóru á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló jẹ ẹ́ láhọ́n.

Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọ́tísìmù. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, láti inú oyún ló sì ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ràn. Èpè kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2021, ẹni 1 nínú 127 ló ní in. Ẹ wo èrò tó ń wọ ọjà wa lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ fi 127 pín in.

Àwa nìkan kọ́ la fura sí ìyá láìtọ́. Lẹ́yìn tí dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ńlá fi ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló fà á. Irọ́ ni. Àwọn ti gbà pé irọ́ ni, àwa ńkọ́?

Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kì í wẹ̀yìn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, tí kì í nàka sí ohun tó wù ú, tó ń to ṣùkù àgbàdo lẹ́sẹẹsẹ láràárọ̀ tó sì ń ké bí ẹnì kan bá ṣí ọ̀kan nípò, tó ń di etí bí ẹ̀rọ ìlọta bá ti dún, pàápàá tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ bá pòórá lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, torí adití náà kì í jẹ́ ìpè.

Ẹ má gé okùn ahọ́n rẹ̀ torí pé kò sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ata sí i lójú, ẹ má so ó mọ́lẹ̀ nílé ìwòsàn ìbílẹ̀ tàbí ní ilé àdúrà kankan. Ẹ má sì torí ẹ̀rù kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára: ìwé tí dókítà Andrew Wakefield kọ lọ́dún 1998, tó mú kí aráyé máa bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ ló ń fa ọ́tísìmù, wọ́n ti fagi lé e lọ́dún 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé oníṣègùn. Àwọn kan tún máa ń ní kí ìyá pa Yorùbá tì, kó máa sọ Faransé nìkan fún ọmọ. Kò sídìí. Èdè méjì kì í dá kún un, ìyá tó sì ń wá Faransé kiri lẹ́nu kò ní bá ọmọ ṣeré tó.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni kànga. Irú ọmọ yìí a máa rìn sá, omi a sì máa fà á mọ́ra. Ẹ bo kànga agbo-ilé yín lónìí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ yé sọ pé bọ́mọ bá dára tiyín ni, bó bá burú ti ìyá ni. Òfin Benin 2017-06 ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ti fún àwọn akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́, lílọ sílé ẹ̀kọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ bá ìyá ọmọ náà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Nílé, ẹ fi gbólóhùn kúkúrú bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tó ń bọ̀ fún un kó tó dé. Bí gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ẹ mú un wá, kó dúró jìnnà sílù. Bó bá di etí, ẹ mú un kúrò.

Ẹni tó bá sì rí i tó ń dá rìn lọ́nà, kó rọra dì í lọ́wọ́ mú, kó má pariwo mọ́ ọn, kó mú un lọ bá ìyá rẹ̀.