"Tẹ̀ Ẹ́" Kọ́ Ni "Fọwọ́ Kàn Án"

Bí ẹ bá tẹ́tí sí ọmọ tó ń fi fóònù ìgbàlódé han bàbá tàbí ìyá rẹ̀, gbólóhùn kan ni ẹ ó máa gbọ́ lemọ́lemọ́: "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kúrò. Àgbà á tẹ̀ ẹ́, fóònù á ṣe ohun mìíràn, ọmọ á ní, "Kì í ṣe báyẹn, Màmá," á sì gba fóònù lọ́wọ́ wọn kó lè yára ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wọ́n á ní ọpọlọ àgbà kì í gba nǹkan tuntun mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè tí a fi ń kọ́ wọn ló ń kùnà lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó sì ti ń kùnà kì í ṣe ibi tí àwa olùfẹ́ èdè máa ń tọ́ka sí. Orúkọ ohun èlò kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni.

Orúkọ ni a ti ń ná agbára wa lé lórí tipẹ́. Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó pe tẹlifíṣọ̀n, tí iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ní amóhùnmáwòrán. Nígbà tí fóònù GSM sì dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, a sọ ọ́ ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká. Orúkọ tó ní làákàyè ni gbogbo wọn, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá gbọ́ wọn nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n nínú ilé àti lọ́jà, fóònù ni fóònù, ṣájà ni ṣájà, dátà ni dátà. Ìyá tó ń ta aṣọ òkè mọ̀ wọ́n kó tó ní tirẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi kọ́kọ́ kọ́ ọ ní orúkọ mìíràn kó tó lè pe ọmọ rẹ̀. Èdè wa ti gba tábìlì, búrẹ́dì, àlùbọ́sà àti àdúrà sílé, kò sì sí èyí tó bà á jẹ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe àyálò ló yàtọ̀. Bí ọmọ bá ní, "Ẹ suwáìpù ẹ," tàbí "Ẹ sìkírọ́ọ̀lù," kò sọ ohunkóhun fún ọwọ́ àgbà. Orúkọ kàn ń tọ́ka sí nǹkan ni, ìka á sì tó láti bá a tọ́ka. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe, ẹni tó ń kọ́ni kò sì lè fi ìka rẹ̀ ṣe é dípò akẹ́kọ̀ọ́ títí ayé.

Ẹ wo tẹ̀ fúnra rẹ̀. Agbára wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ní í tẹ ilẹ̀. Bọ́tìnì fóònù àtijọ́ náà, a máa ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọlé. Àmọ́ ojú fóònù ìgbàlódé kò mọ agbára. Iná mànàmáná tín-ín-rín kan wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀, tí ara ènìyàn máa ń yí padà bí ìka bá ti kàn án. Ìyípadà yẹn ni fóònù fi ń mọ ibi tí ìka wà. Bí a fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, bí a rọra fọwọ́ bà á, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ni bí ìka ti pẹ́ tó. Bí ìka bá dúró lójú kan tó nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, fóònù á gbà pé ohun mìíràn ni a ń fẹ́: àkọlé tí a kò bèèrè á yọ, tàbí kí àwọn àwòrán kéékèèké máa mì. Nígbà náà, àgbà tí a ní kó tẹ̀ ẹ́, tó fi agbára tẹ̀ ẹ́, tó sì dúró, gbọ́ràn. Ohun tí a sọ gan-an ló ṣe. Ó tún wá jẹ́ pé ìka tó gbẹ, tàbí èyí tí awọ rẹ̀ ti le nítorí iṣẹ́ ọwọ́, kì í tètè yé ojú fóònù. Bí kò bá dáhùn, àgbà á tún tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ á sì túbọ̀ dojú rú. "Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò" ni gbólóhùn tó tọ́. Ó gùn ju "ẹ tẹ̀ ẹ́" lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì kejì yẹn, gbígbé ọwọ́ kúrò, ni ẹ̀kọ́ náà gan-an. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a ń gbé nǹkan wá tí a sì ń mú un lọ. Tẹ̀ ní ipò tirẹ̀, a sì ní láti tọ́jú rẹ̀ dè é. Bí àgbà bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nígbà náà ni kí a sọ pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ má gbé ọwọ́ títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán." Ẹni tó ti gbọ́ tẹ̀ fún ohun gbogbo láti òwúrọ̀ kò ní mọ̀ pé ti ibí yìí yàtọ̀.

Òkè àti ìsàlẹ̀ náà ń fa àṣìṣe. Ìwé gígùn kan wà lójú fóònù, ọmọ ń fẹ́ kí bàbá rí ìparí rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ lọ sísàlẹ̀, sà." Bàbá á fi ìka fà á wálẹ̀, ìwé náà á bá ìka sọ̀ kalẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì tún yọ. Ojú ni ọmọ ní lọ́kàn nígbà tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni bàbá gbọ́. Èdè wa sì ní ohun tó lè là á: fà ni kí nǹkan máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, tì ni kó máa lọ. "Ẹ fi ìka tì í sókè, kí tìsàlẹ̀ lè yọ" kò ní ẹ̀tàn kankan nínú, nítorí ó sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe àti ohun tí ojú yóò rí, ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pa. A ń pa fóònù bí a ti ń pa iná. A ń pa nọ́ńbà rẹ́ bí a kò bá fẹ́ ẹ mọ́. A ń pa á mọ́ bí a bá fẹ́ ẹ. Bí a bá parí iṣẹ́ lójú ibì kan, a pa á dé. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni mẹ́ta tó kẹ́yìn wọ̀nyí: a là wọ́n sí méjì, a sì ki orúkọ bọ àárín. Ẹwà èdè ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú "Ẹ pa nọ́ńbà Bùọ̀dá Àkàndé yẹn rẹ́" àti "Ẹ pa nọ́ńbà Bùọ̀dá Àkàndé yẹn mọ́." Ìtumọ̀ méjèèjì takora pátápátá, ohun tó sì yà wọ́n kò ju sílébù kan ṣoṣo lọ, tó wà ní ìparí gbólóhùn, níbi tí ohùn wa máa ń rẹlẹ̀. Ìró tó ga tó sì tín-ín-rín ni etí tó ń darúgbó sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Àwọn kọ́ńsónáǹtì ni ìyẹn sì máa ń jẹ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́ àgbà kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ìtumọ̀ ka orí sílébù ìparí. "Ẹ nù ún kúrò" fún ọ̀kan, "Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù" fún èkejì: wọ́n yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí èyí tí etí lè fi pe ìkejì. Kì í ṣe pé "pa rẹ́" kò tọ́. Ó tọ́ nínú ìwé àti láàárín àwọn tí etí wọn ṣì mú. Ìlò tó tọ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní asán ni gbogbo làálàá yìí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni fóònù náà ń sọ. Settings ni ó kọ síbẹ̀, kò kọ "ètò", nítorí náà kí àgbà kúkú kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. N kò rò pé a jàǹfààní púpọ̀ bí a bá sọ fún àgbà pé kó wá "ètò" nígbà tí ojú rẹ̀ kò ní rí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kíkọ́ orúkọ yàtọ̀ sí kíkọ́ èdè. Àwọn ará Ìbàdàn ń lọ sí Challenge lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń rajà níbẹ̀, láìbèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ibì kan ni. Báyẹn gan-an ni Settings ṣe lè jẹ́ orúkọ ibì kan nínú fóònù, tí àgbà á fi àwòrán rẹ̀ dá a mọ̀. Bí a ṣe ń débẹ̀ àti ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ni kí a sọ ní Yorùbá tó péye.

Àtakò mìíràn wà tó tẹ̀wọ̀n ju ìyẹn lọ: pé kí a fi àgbà sílẹ̀ sórí fóònù alátọ́ọ̀ṣì wọn, kí a yé dà wọ́n láàmú. Mi ò fojú di fóònù alátọ́ọ̀ṣì. Iná rẹ̀ máa ń pẹ́, ìka ń mọ bọ́tìnì rẹ̀ lára láìwò ó, kò sì nílò dátà láti yẹ owó ìpè wò: láti ọdún 2023, stáà 310 háàṣì ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, àgbà tó bá sì ti mọ ọ́n kò ní kọ́ òmíràn bó bá yí síìmù padà. Ohun tí mo kọ̀ ni "fi sílẹ̀" tó wà nínú àtakò náà. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ọmọ tó kàn lọ ra fóònù olówó ńlá wálé láìbèèrè, ìlà kan náà ni wọ́n ń tò sí. Wọ́n ń yàn fún àgbà. Wọn kò bá àgbà yàn. Fún àti bá kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ yàn á mú wọn dé ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ dì í mú, ṣé kò wúwo jù? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ ka èyí fún mi." Lẹ́tà kéékèèké ṣeé sọ di ńlá nígbàkigbà nínú fóònù. Ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ àti agbára ohùn rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe tí a bá ti sanwó tán, nítorí náà ọwọ́ àti etí ìyá ló yẹ kó dájọ́ níbẹ̀.

Ibi tí àìpéye ọ̀rọ̀ ti ń pa àgbà lára jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ohun gbogbo ni a ń pè ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè (NIN), nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì (BVN) tí ó dé lọ́dún 2014, nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ń gbowó: nọ́ńbà ni gbogbo wọn lẹ́nu wa. Iye wọn kò sì ràn wá lọ́wọ́, nítorí ẹyọ 11 ni nọ́ńbà fóònù, 11 ni NIN, 11 náà ni BVN. Àgbà tó ti fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ kí wọ́n lè fowó ránṣẹ́, tí ohun burúkú kankan kò sì tìdí rẹ̀ yọ, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù nígbà tí gbájúẹ̀ kan bá pè é, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn fún mi"? Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó sì ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ tí a kò là ni olè ń gbà wọlé. Bí a bá sì sá fún nọ́ńbà, tí a ní "pín", a kò tíì bọ́, nítorí ohùn òkè tí a fi ń pè é sọ ọ́ di ọ̀kan náà pẹ̀lú pín tí í ṣe kí a fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ pín fún ẹnikẹ́ni ni a wá ń pè ní pín.

Nọ́ńbà àṣírí ni kí a máa pè é, kí a sì fi nọ́ńbà lásán sílẹ̀ fún èyí tó ṣeé fún ènìyàn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àṣírí kò bá a mu, pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Rárá o. Nínú èdè wa, àṣírí àti owó ti ń rìn pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí owó bọ́ sí lọ́wọ́ lákòókò ìnira á ní àṣírí òun bò, ẹni tí kò rí sì ń bẹ̀rù kí tirẹ̀ má tú. Kò sí àgbà Yorùbá kan tí a ní láti kọ́ pé àṣírí ni a ń bò. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ dání, èyí tí kóòdù, pín àti nọ́ńbà kò ní. Ìkìlọ̀ tí àwọn báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Kí wọ́n fi ohùn sọ ọ́, ní Yorùbá, kí wọ́n má kàn túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì lọ báyìí: "Nọ́ńbà àṣírí yín ló wọlé yìí. Ẹ má kà á sí ẹnikẹ́ni létí, ì báà jẹ́ ọmọ yín, ì báà jẹ́ ẹni tó ní òun ń pè láti ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rẹ̀, ẹ gé ìpè náà."