Okùn Tó Ṣeé Ṣe Nílé àti Okùn Tí A Gbọ́dọ̀ Rà

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí nítòsí Ìkirè. Bàbá tó máa ń hun igbà fún wa ti darúgbó, kò lè hun ún mọ́, igbà tí mo sì ń lò ti ń gbó. Mo rí i nínú fídíò bí àwọn agùngi òkè òkun ṣe ń ju okùn tín-ín-rín sórí ẹ̀ka, tí wọ́n á sì fi fa okùn ńlá gòkè. Mo fẹ́ ra okùn náílọ́ọ̀nù lọ́jà kí n fọwọ́ ara mi fi ṣe gbogbo rẹ̀: igbà tuntun fún ọ̀pẹ, okùn jíjù, àti okùn tí màá fi gun máńgòrò àti obì. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni igbà ṣe dé ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò jọra lẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ mọ okùn tó dára máa ń wo bó ṣe nípọn tó, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ nǹkan kí wọ́n sì fà á wò. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, bí okùn yìí bá já lẹ́nu iṣẹ́, kí ló máa bọ́ sílẹ̀? Bó bá jẹ́ àpò iyanrìn ni, ẹ ṣe é nílé, mo tilẹ̀ gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú okùn jíjù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé ìwọ̀n kékeré kọjá lórí ẹ̀ka, kó sì fa okùn ńlá tẹ̀lé ara rẹ̀. Okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń ta ìlà, tó nípọn tó mìlímítà 2, dára fún un. Ẹ wá èyí tí wọ́n hun, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn lọ́, nítorí èyí tí wọ́n lọ́ máa ń ká ara rẹ̀ kò bí ẹ bá ti jù ú. Ó gbọ́dọ̀ gùn ju ìlọ́po méjì gíga ẹ̀ka náà lọ: bí ẹ̀ka bá ga ní mítà 15, ẹ ra mítà 40, kí orí rẹ̀ lè padà wá sílẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Àpò tí a ń so mọ́ ọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fara balẹ̀ ṣe. Àpò tí àwọn tó ń fi igi gígùn jẹun ń lò máa ń wúwo tó gíráàmù 225 sí 450, òjé ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ á ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá rọ ọ́ sínú aṣọ tapólì, tí aránbàtà sì fi òwú líle rán an ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì gùn, torí àpò roboto máa ń há síbi tí ẹ̀ka ti yà. Ẹ má so òkúta mọ́ ọn, ó máa ń yọ̀ bọ́. Ẹ má so irin onígun, ó máa ń kọ́ igi. Ẹ kó okùn náà sínú garawa díẹ̀díẹ̀ láìká a, á sì tú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá jù ú. Ewu rẹ̀ ni ìgbà tí àpò bá há sókè. Bí ẹ bá fi gbogbo agbára fà á, okùn á nà, àpò á sì já padà bí òkò kànnàkànnà. Ẹ má we e mọ́ ọwọ́, ẹ fi igi kékeré we e, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò lábẹ́ igi.

Ní ti igbà, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn mi yà yín lẹ́nu: èyí tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ìtàkùn hun sàn ju èyí tí ẹ fẹ́ fi náílọ́ọ̀nù ṣe lọ. Líle tí igbà le gan-an ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Akọ̀pẹ á fẹ̀yìn tì í, á fẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ. Bó bá sún mọ́ igi díẹ̀, igbà á dẹ̀, á sì jù ú gòkè. Igbà tó le á dúró ní òbìrìkìtì lẹ́yìn igi, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bá iwájú rẹ̀ gòkè. Okùn tó rọ̀ á wó mọ́ ara igi, á há sára ìdí àwọn imọ̀ tí a ti gé, akọ̀pẹ á sì máa fi ọwọ́ kan wá okùn lẹ́yìn igi nígbà tó yẹ kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àwọn agùngi Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní okùn kúkúrú kan tí wọ́n fi ń gbá ara wọn mọ́ igi, wáyà irin ni wọ́n sì fi sí àárín ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kó lè le, kí ayùn má sì tètè gé e. Nítorí náà, ẹ má wá àrọ́pò igbà lọ́dọ̀ oníṣòwò okùn. Bàbá tó darúgbó yẹn kò lè hun mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè jókòó ti ẹni tó ń hun, kó sọ fún un ibi tó ti ṣì í. Ẹ lọ bá a báyìí, kí ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti ń gbó, ẹ la fọ́nrán rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí lúbúlúbú nínú rẹ̀, ó ti ń jẹrà láti inú wá. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gbé e gun ọ̀pẹ.

Okùn kẹta, èyí tí ẹ fẹ́ fi gun igi ẹlẹ́ka, ni mo takò pátápátá. Lórí máńgòrò, okùn nìkan ni yóò gbé yín ró, ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ nǹkan kan láwọn ìgbà mìíràn. Okùn aláwọ̀ búlúù tàbí aláwọ̀ ewé tí ẹ máa rí lọ́jà, tí ẹ pè ní náílọ́ọ̀nù, ike polypropylene ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ooru bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 160, ó ń yọ́. Polyester, tó wọ́pọ̀ nínú okùn agùngi, kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 250. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé agùngi máa ń fi okùn kékeré so kókó tó ń fún mọ́ okùn ńlá, irú èyí tí Karl Prusik ará Austria gbé jáde ní 1931. Kókó náà ló ń dá a dúró, òun náà ló sì ń yọ̀ lára okùn ńlá nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Okùn ń ha okùn, ibẹ̀ ń gbóná, ibi tó ń gbóná yẹn gan-an ni ẹ̀mí rọ̀ mọ́. Oòrùn tún ń ba polypropylene jẹ́, ẹ sì lè má mọ iye oṣù tó ti lò níwájú ìsọ̀ kí ẹ tó rà á. Kókó tí ẹ bá ta sí i lè gba ìdámẹ́rin agbára rẹ̀, ó sì lè gba ìdajì. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Bí ẹni tó wúwo ní kílò 80 bá jábọ́ ní mítà 2, tí okùn dá a dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 20, agbára tó máa kọlu okùn náà á tó ìlọ́po 11 ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn kílò 880. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 1891 fi béèrè pé kí okùn irú A lè gba kìlónútọ̀nù 22, nǹkan bíi kílò 2,200, nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ rántí ẹ̀ka náà o: bí ẹ bá so ìdí okùn mọ́ ìsàlẹ̀ igi, tí ẹ sì fi apá kejì gòkè, ìlọ́po méjì ìwọ̀n yín ni ẹ̀ka tó wà lókè ń gbé.

Ẹlòmíràn á ní okùn yìí kan náà ló ń di ẹrù tírélà láti Kánò dé Ìbàdàn, ṣé èèyàn kan wúwo ju ìyẹn lọ ni? Èèyàn kò wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n okùn tó di ẹrù kì í yọ̀ lára okùn mìíràn, ẹrù kì í jábọ́ ní mítà méjì kó tó wá kọlu okùn, àti pé okùn kan ṣoṣo kọ́ ló di ẹrù náà. Àtakò tó wúwo lójú mi ni ti àwọn baba wa, tí wọ́n gun igi láti ìrandíran láìrí ìlànà Yúróòpù kankan. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbè sẹ́yìn igbà. Síbẹ̀, ẹni tó hun igbà mọ igi tó ti gé imọ̀ rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tó hun ún, ó sì ń fẹ̀yìn tì í wò nílẹ̀ kó tó gùn. Ta ló mọ ìyẹn nípa okùn tí wọ́n gé fún yín ní mítà-mítà? Kò sì yẹ ká sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò jábọ́ rí: láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ní Enugu ti ń kọ̀wé pé jíjábọ́ láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í rìn mọ́.

Owó ló kù. Okùn agùngi tòótọ́, bẹ́líìtì rẹ̀, ìkọ́ irin àti akoto wọ́n gan-an fún àgbẹ̀ kan, n kò sì ní sọ pé kí ẹ jẹ gbèsè nítorí máńgòrò. Ẹ lè bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín dá owó jọ ra ẹyọ kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lò ó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra àlòkù tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Kí ẹ tó rí owó yẹn, ẹ má gun igi ẹlẹ́ka rárá. Gọ̀ǹgọ̀ tó gùn dáadáa á ká èyí tó pọ̀ nínú obì. Ní ti máńgòrò, ẹ ju okùn bíríkìlà yín sórí ẹ̀ka, ẹ fi fa okùn ọjà tó nípọn gòkè, ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka náà pẹ̀lú ojóbó, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa mì ín láti ilẹ̀. Bí okùn bá já níbẹ̀, ẹ ó so òmíràn.